Ẹ má fọ orúkọ fáìlì wa mọ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ní Yábàá o, ní London o:

Ọ̀rọ̀ fáìlì ZIP ni mo bá wá. Gbogbo wa la mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é: ẹ ó pe láíbírì kan, ẹ ó ní kó di fódà pọ̀ tàbí kó tú u, kóòdù ìlà méjì mẹ́ta, ó parí. N kò bá yín jà lórí ìyẹn. Ohun tí ẹ ń ṣe sí orúkọ fáìlì kó tó wọnú ẹrù ZIP ni mo ń bínú sí.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnìkan gba ohùn sílẹ̀ fún ìwé atúmọ̀ èdè: igbá.wav, igba.wav, ìgbà.wav, igbà.wav. Ètò yín á kọ́kọ́ "fọ" orúkọ wọn, á bó gbogbo àmì dànù, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wá di igba.wav. Bí ẹ bá ń dì wọ́n, zipfile ti Python á kìlọ̀ pé orúkọ yìí ti wọlé tẹ́lẹ̀, àmọ́ á ṣì gbà wọ́n. Ta ló sì ń ka ìkìlọ̀? Lọ́jọ́ tí ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí bá tú u, èyí tó bá jáde á pa èyí tó ṣíwájú rẹ̀ rẹ́, wọ́ọ́rọ́wọ́. Igbá lọ, igba lọ, ìgbà lọ, ó ku igbà nìkan.

Bí a bá bi yín, ẹ ó ní ZIP kò gba àmì. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Lóòótọ́, nígbà tí Phil Katz gbé ZIP jáde ní 1989, àtẹ lẹ́tà kọ̀ǹpútà IBM tó ń jẹ́ CP437 ni wọ́n ń lò fún orúkọ. Àtẹ náà ní é, ó ní ß, ó tilẹ̀ ní ìlà tí wọ́n fi ń ya àpótí, kò sáà ní ẹ, ọ àti ṣ. Ṣùgbọ́n láti 2006 ni PKWARE, ilé-iṣẹ́ tí Katz dá sílẹ̀, ti fi UTF-8 sínú ìlànà ZIP. Bit 11 ló wà fún un lára fáìlì kọ̀ọ̀kan: bó bá jẹ́ 1, UTF-8 ni orúkọ náà, bó bá jẹ́ 0, ẹni tó ń tú u lè kà á bíi CP437, kò sì jẹ̀bi. Bí Ọ̀ṣun.pdf ṣe ń dé ọwọ́ oníǹkan nìyí tó ti di ß╗î╠Çß╣úun.pdf. Báìtì kan kò sọnù níbẹ̀. Ẹni tó dì í ni kò sọ bí wọn yóò ṣe kà á. Zipfile ń gbé bit yìí sókè fúnra rẹ̀ bí orúkọ bá ní àmì. Bí ẹ bá sì gba ẹrù UTF-8 tí kò ní bit náà, láti Python 3.11 ni pàrámítà metadata_encoding ti wà nínú zipfile fún kíkà á.

Èyí tó tún ṣòro rí ni ti ẹ́. Unicode kò fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ lè kọ ẹ kí ẹ fi àmì lé e, ẹ lè kọ é kí ẹ fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, ẹ sì lè to e àti àmì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú láíbírì, mẹ́ta ni. Bí ẹ bá dì í lọ́nà kan tí ẹ wá bèèrè rẹ̀ lọ́nà mìíràn, á ní kò sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ orúkọ náà di NFC, ìyẹn ọ̀kan lára ọ̀nà tí Unicode fi ń sọ irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ di ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹ tó dì í, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó wá a. Ìlà kan péré ni.

Àwọn kan á ní ààbò ni àwọn ń wá. Òtítọ́ ni pé ewu wà nínú orúkọ fáìlì: ní 2018 ni ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Snyk kéde Zip Slip, níbi tí orúkọ tó ní ../ ti lè mú fáìlì jáde kúrò nínú fódà tí ẹ yàn fún un. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí ẹ wo ibi tí fáìlì máa bọ́ sí kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló kan àmì ohùn nínú ìyẹn? ../ ni kí ẹ lé, ẹ fi ẹ́ sílẹ̀.

Test.txt ni ẹ sábà máa ń fi dán iṣẹ́ yín wò. Ẹ fi orúkọ tí bàbá yín sọ yín sí i, tàmì-tàmì. Ẹ dì í lórí Linux, ẹ tú u lórí Windows, kí ẹ tó sọ fún oníbàárà pé kó lọ yọ àmì kúrò lára fáìlì rẹ̀.