Ẹ̀YÁWÓ ILÉ ÀTI ẸRÙ ORÍ AYÁLÉGBÉ



Láti 1992 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti là á sílẹ̀ pé kí a máa yọ 2.5 nínú 100 owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú àpò ẹ̀yáwó ilé. Ìdá kan nínú ogójì nìyẹn, iye kan náà tí a ń yọ fún sàká. Ẹ wo ìyàtọ̀ wọn! Sàká ń ti ọwọ́ olówó bọ́ sọ́wọ́ aláìní. Èyí ń ti ọwọ́ ayálégbé bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó lágbára àtiní ìwé ilẹ̀. Èlé 6 nínú 100 tún wà lórí rẹ̀, rìbá tí Ọlọ́hun ṣe léèwọ̀.

Wọ́n ní ẹni tí ó bá di onílé yóò fi yàrá sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Òótọ́ ni, bí ilé náà bá jẹ́ tuntun. Bí ó bá jẹ́ ilé àtijọ́ ni ó rà, yàrá kan kò kún un. Owó ni ó pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò pọ̀ sí i. Ilẹ̀ a wọ́n, owó ilé a sì tẹ̀ lé e.

Ní Pápáláńtò, níbi tí ọ̀nà Èkó, Abẹ́òkúta, Ìlaròó àti Ṣágámù ti pàdé, tí àwọn òṣìṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò ń wá yàrá sí, ta ni yóò ru ẹrù yìí bí kò ṣe ayálégbé?

Kí ìjọba fi owó náà kọ́ ilé tuntun láìgba èlé. Ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ inú jámáà, ilẹ̀ tí ẹ fi ń dúró de ọ̀wọ́n, ẹ fi ṣe wákàfù, kí ẹ kọ́ yàrá tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n sórí rẹ̀. Kí Ọlọ́hun tọ́ wa sọ́nà. Àmín.