Ẹ Jẹ́ Ká Gba Ọgbà Yìí Fáwọn Ọmọ Kó Tó Di Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin ará àdúgbò, lánlọ́ọ̀dù àti ayálégbé, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà àti ẹ̀yin wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì, ọ̀rọ̀ ọgbà kékeré tó wà láàárín wa yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ. Nígbà tí wọ́n ń gé ilẹ̀ àdúgbò sí púlọ́ọ̀tì, wọ́n yọ ibẹ̀ sílẹ̀ kí aráàlú lè máa rí ibi gba atẹ́gùn. Igi fúrúùtù méjì ló kù níbẹ̀ báyìí, àti bẹ́ǹṣì onísìmẹ́ǹtì kan tó ti là, àti ààtàn tó ń fẹ̀ sí i láràárọ̀. Ní ìkangun tó kọjú sí títì, ẹnì kan ti to búlọ́ọ̀kù jọ. A ò mọ ẹni náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ ní Ìbàdàn mọ ohun tó ń tẹ̀lé búlọ́ọ̀kù tí kò lólúwa: lónìí búlọ́ọ̀kù, lọ́la ìpìlẹ̀, lọ́túnla ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin, wọ́n á sì tún kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé ká sọ ibẹ̀ di ibi ìṣeré ọmọdé, ká sì tètè ṣe é. Ilẹ̀ tá a kàn gé koríko orí rẹ̀, bí òjò bá rọ̀ fún oṣù méjì, ó ti tún di igbó. Àmọ́ ilẹ̀ táwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, táwọn ìyá wọn sì ń yọjú wò wọ́n látojú fèrèsé, ẹni tó bá fẹ́ gbà á yóò kọ́kọ́ rò ó wò. Mi ò tíì rí ẹ̀ṣọ́ tó ju ogún ọmọ tó ń pariwo lọ.

Níbo ni wọ́n ti ń ṣeré báyìí? Ẹ jókòó síwájú ilé yín nígbà tí iléèwé bá jáde. Òkúta méjì ni góòlù lójú títì. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà, ẹnì kan á ké, gbogbo wọn á fọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á tún padà. Etí gọ́tà làwọn ọmọbìnrin ti ń fò tẹ̀ńtẹ̀ń, torí ibẹ̀ nìkan ni kọnkéré wà. Àwọn tó fi èédú ya suwé síwájú géètì onígéètì, onítọ̀hún ti bu omi sí i kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló dàgbà nínú agbo ilé tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, tí bojúbojú ń gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́ òṣùpá. Àgbàlá yẹn la fi kọ́ yàrá tá a gbé háyà. Àwa àgbà la ṣe é, owó rẹ̀ la sì ń ná.

Ọgbà Agodi wà o, ibẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n owó ẹnu ọ̀nà wà, owó ọkọ̀ wà, nítorí náà ọjọ́ ọdún la máa ń kó wọn lọ. Ọmọ kì í sì í ṣeré lọ́jọ́ ọdún nìkan.

Ní ìlú Amsterdam, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ojú títì làwọn ọmọ tiwọn náà ti ń ṣeré. Ní 1947, ọ̀dọ́ ayàwòrán-ilé kan tó ń bá ìjọba ìlú náà ṣiṣẹ́, Aldo van Eyck, gba ojúde kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bertelmanplein. Ó da yanrìn síbẹ̀, ó fi kọnkéré tó fẹ̀ tó ìjókòó yí yanrìn náà ká, ó ri irin mélòó kan mọ́lẹ̀ káwọn ọmọ lè máa rọ̀ mọ́ ọn, igi àti bẹ́ǹṣì sì wà níbẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ará àdúgbò mìíràn rí i, wọ́n bá ń kọ lẹ́tà síjọba pé àwọn náà fẹ́. Kó tó di 1978, irú rẹ̀ tó yàwòrán ti lé ní 700, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà lórí ilẹ̀ tó kàn ṣófo láàárín ilé sí ilé. Yanrìn, kọnkéré, irin, igi: kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dìgbà tí ọkọ̀ òkun bá gbé e wá.

Ẹ má jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ríra nǹkan ìṣeré aláwọ̀ mèremère. Oòrùn wa á jẹ oníke láàárín ọdún mélòó kan. Abẹ́ ohun tí ọmọ máa gùn ló ṣe pàtàkì jù: yanrìn odò, kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, torí ọmọ tó bá já bọ́ látorí jangirọ́fà sórí kọnkéré, orí ló máa fi gbà á. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ fi tépù wọn àlàfo àárín irin. Èyí tó bá ju sẹ̀ǹtímítà 9 lọ tí kò sì tó 23 léwu: ara ọmọ á kọjá níbẹ̀, orí rẹ̀ á há, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ní kan ilẹ̀. Irin tí wọ́n á máa yọ̀ wálẹ̀ lórí rẹ̀, abẹ́ fúrúùtù ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kó má baà jó wọn nídìí lọ́sàn-án. Táyà tírélà tó ti gbó dára fún gígùn, bí wáyà kò bá ti yọ lára rẹ̀. Ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ kí omi má dúró sínú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn la máa sìn.

Ẹni tó bá ní ìjọba ló yẹ kó ṣe é kò parọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 sọ ọ́ ní abala 12 pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti sí eré tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Òfin kì í kó yanrìn, àmọ́ ó wúlò nínú lẹ́tà. Ẹ jẹ́ ká kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀, ká so ẹ̀dà àwòrán tí wọ́n fi gé àdúgbò mọ́ ọn, kí Baálẹ̀ fọwọ́ sí i, ká sì gba òǹtẹ̀ wọn sórí ẹ̀dà tiwa. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì ju jangirọ́fà lọ. Bí ọmọ onílẹ̀ bá yọjú lọ́la, òun la máa nà sí i. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé àwọn amugbó á sọ ibẹ̀ di ilé lálẹ́, ẹ rìn gba ibẹ̀ kọjá lálẹ́ òní. Wọ́n ti wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tá a bá ṣí ibi ìṣeré tán ló máa ń bàjẹ́. Ìkọ́ tó di ṣéènì jangirọ́fà mú lókè máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ojú kì í tètè rí i. Kí òpópónà kọ̀ọ̀kan gba oṣù tirẹ̀: kí wọ́n gbá ilẹ̀, kí wọ́n wo ìkọ́, kí wọ́n da yanrìn tó ti tàn kálẹ̀ padà.

Aago méje òwúrọ̀ Sátidé la máa kó ààtàn náà. Ẹ mú ọkọ́, àdá àti ṣọ́bìrì wá, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ìgò fífọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ náà wá kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n dúró lábẹ́ igi títí a ó fi ṣa ìgò tán. Ẹni tó bá ní típà, tàbí tó mọ ẹni tó ní, kó bá akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.