Oògùn Kọ́ Ló Ń Sọ Ọmọ Di Wèrè

Mo tún gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá níbi ìsọmọlórúkọ, lẹ́nu obìnrin kan tó kàwé, tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ló délẹ̀: ọmọ náà ò sùn mọ́, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ní àwọn kan ń bú òun létí. Ẹnì kan dábàá pé kí wọ́n gbé e lọ sí Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ. Obìnrin yìí ju ọwọ́ sókè: “Ẹ má dán an wò o! Bí ọmọdé bá ti lè fẹnu kan oògùn ọpọlọ, ó ti di wèrè nìyẹn.” Àwọn ìyá tó jókòó tì í ń mi orí.

Ó sú mi. Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni wọ́n ti ń sọ ọ́, àwọn tó sì ń sọ ọ́ kì í dúró wo ibi tó ń gbé ọmọ dé. Kí n tó já a, ó di dandan kí n kà á sílẹ̀: wọ́n ní àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ọmọdé, wọ́n ní bí ọmọ bá ń ṣe bákan, àkẹ́bàjẹ́ ni tàbí kí ó jẹ́ iṣẹ́ ayé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ sísọ kì í wo àrùn, wọ́n ní oògùn dókítà ló ń ba orí ọmọ jẹ́. Mo ti kà á tán. N ò ní bá wọn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Kì í ṣe ọmọdé ni wọ́n wí? Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé nǹkan bí ìdajì àìsàn ọpọlọ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó kọjá ọmọ ọdún 14. Ẹgba tí wọ́n fẹ́ fi wo àkẹ́bàjẹ́ náà ńkọ́? Bí kóbókò bá lè lé ohùn kúrò létí ọmọ, kí wọ́n fi lé ibà náà kúrò lára rẹ̀. Àwọn tó ní nǹkan òyìnbó ni oògùn orí, kí wọ́n bi àwọn adáhunṣe ohun tí wọ́n ń fi asofẹ́yẹjẹ ṣe. Àwọn baba wa ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè. Lára ìbátan igi yìí tó wà ní Íńdíà ni wọ́n ti yọ reserpine jáde ní 1952, tí àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ káàkiri ayé fi bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú aláìsàn. Àwọn baba wa mọ̀ pé orí ń ṣàìsàn, wọ́n sì mọ̀ pé ó ní oògùn.

Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ní oògùn ló ń sọ ọmọ di wèrè, n kò ní fi ẹnu kan kọjá lórí rẹ̀, nítorí àwọn tó ń sọ ọ́ ní ohun tí wọ́n fojú rí.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní oògùn tó ń pa ohùn inú orí lẹ́nu mọ́. Haloperidol ni wọ́n sábà máa ń fún wọn nílẹ̀ wa, nítorí kò wọ́n. Ọmọ padà sílé. Kí ọjọ́ mélòó kan tó pé, ọrùn rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ yí lọ sókè, kò ṣeé sọ̀ kalẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ le gbagidi, ahọ́n ń yọ jáde, itọ́ ń dà sí àyà rẹ̀. Ó mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ o, kò kàn lè sọ ọ́ ni. Ìyá rẹ̀ figbe ta. Àdúgbò pé lé wọn lórí. “Ẹ ò rí i? Wọ́n ti fi oògùn yí i lórí!” Wọ́n da oògùn sínú gọ́tà, wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé àdúrà. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo àdúgbò ti di ẹlẹ́rìí tako Arò.

Ohun tí wọ́n rí yìí kì í ṣe wèrè. Iṣan ló fà. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dopamine. Òun ni oògùn náà ń dènà kí ohùn burúkú lè rọlẹ̀. Èròjà yìí kan náà ló ń bá wa darí iṣan ara. Bí wọ́n bá dènà rẹ̀ lójijì, iṣan ọrùn, ti ojú àti ti àgbọ̀n lè fún pọ̀ láìgbàṣẹ. Ó máa ń ṣe ọ̀dọ́ ju àgbà lọ. Abẹ́rẹ́ sì wà fún un. Bí wọ́n bá gún un, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, ojú á sọ̀ kalẹ̀, ọmọ á lè sọ̀rọ̀ tẹnu rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, dókítà á dín oògùn náà kù, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó fi hóró kékeré mìíràn kún un tí kò ní jẹ́ kí ó tún ṣẹlẹ̀. Gbogbo ohun tó bà yín lẹ́rù títí ẹ fi da ìwòsàn ọmọ sí gọ́tà nìyẹn!

Inú sì ń bí mi sí àwọn tó wọ aṣọ funfun pẹ̀lú. Dókítà tó kọ oògùn yẹn mọ̀ pé ọrùn lè wọ́. Ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá fi sọ fún ìyá ọmọ pé, “Mọ́mì, bí ẹ bá rí i báyìí, ẹ má bẹ̀rù, ẹ gbé e wá kíákíá.” Kò sọ ọ́. Ó na ìwé oògùn sí i, ó pe ẹni tó kàn. Irú dókítà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nínú irọ́ tí mo ń bá jà yìí.

Ohun mìíràn tún wà tó ń fún irọ́ náà lókun: ìgbà tí a ń gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ọdún kan lè kọjá. Wọ́n á ti fi ebi pa á, wọ́n á pè é ní ààwẹ̀. Wọ́n á ti nà án kí ẹ̀mí burúkú lè jáde. Wọ́n á ti fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́lẹ̀. Ṣé ẹ rò pé mò ń sọ àsọdùn ni? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Ìbàdàn níhìn-ín, wọ́n kó ènìyàn 259 jáde, a sì rí àwọn tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dè nínú wọn. Ẹbí wọn ló mú púpọ̀ wọn lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n lè “yá”. Nígbà tí ọmọ bá ti la irú èyí kọjá, tó ti rù kan eegun, tí ọgbẹ́ ẹ̀wọ̀n wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá gbé e dé Arò. Bí ara rẹ̀ kò bá sì yá lọ́sẹ̀ méjì, wọ́n á ní oògùn ló bà á jẹ́! Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́. Oògùn ló bá a nílẹ̀ ní bíbàjẹ́.

Wọ́n á ní òyìnbó fúnra wọn sọ pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ń mú ọ̀dọ́ ronú àtipa ara wọn. Wọ́n sọ ọ́. Ní 2004, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ náà sínú ìwé oògùn gàdàgbà. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé yẹ̀wò, irú èrò tàbí ìwà bẹ́ẹ̀ yọjú lára nǹkan bí ọmọ 4 nínú 100 tó ń lo oògùn, àti 2 nínú 100 tó ń lo ayédèrú hóró tí kò ní oògùn nínú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pa ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà gidi fi ń ní kí ọmọ padà wá lemọ́lemọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ta ló ń kọ ìkìlọ̀ sára ẹ̀wọ̀n? Ta ló ń ka iye ọmọ tó kú sí ilé ààwẹ̀?

Ti ọ̀rọ̀ sísọ tí wọ́n fojú di, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 lórí ọmọ 488, láti ọdún 7 sí 17, tí ẹ̀rù ti gba ayé lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, nǹkan bí 24 nínú 100 ló sàn dáadáa lára àwọn tó lo ayédèrú hóró. 55 lára àwọn tó lo oògùn. 60 lára àwọn tí wọ́n bá jókòó sọ̀rọ̀. 81 lára àwọn tó gba méjèèjì. Kì í ṣe ìtàkúrọ̀sọ lásán ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọmọ tó ń bẹ̀rù ilé ìwé á dúró lẹ́nu géètì lónìí, á wọ ọgbà lọ́la, á jókòó ní kíláàsì fún wákàtí kan lọ́túnla, ẹni tó kọ́ṣẹ́ náà á sì máa kọ́ ọ bí yóò ṣe fara da ẹ̀rù náà títí yóò fi lọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ kò nílò ju èyí lọ, wọn ò ní mu hóró kan.

Ohun tó yẹ kí a ṣe kò le. Ẹ tètè gbé ọmọ lọ. Arò wà ní Abẹ́òkúta, Yábàá wà ní Èkó, wọ́n sì ní ẹ̀ka tàwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbàdúrà lójú ọ̀nà. Kí bàbá náà tẹ̀ lé wọn lọ, kí ẹ sọ fún olùkọ́ ọmọ, kí ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín nítorí pé ara rẹ̀ ti ń yá. Bí oògùn bá ń mú un sùn jù tàbí tó ń mú un sanra, ẹ padà lọ sọ ọ́, wọ́n á tún un ṣe. Kí ìyá má sì dìde lórí àga dókítà láìtíì béèrè orúkọ oògùn náà, ohun tó lè fi ọmọ ṣe, àti nọ́ńbà tí yóò pè bí ọrùn bá wọ́ lóru.