Àtúnṣe tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ olówó
Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ géèmù ṣeré máa ń ráhùn pé àtúnṣe ti pọ̀ jù: bí èèyàn bá tan ẹ̀rọ, ìdúró ló kù. Ìyẹn kéré sí èyí tí iléeṣẹ́ Sony ṣe. Nígbà tí PlayStation 3 jáde lọ́dún 2006, ẹni tó rà á lè fi Linux sí i, kó sì sọ ọ́ di kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2010, àtúnṣe 3.21 gba àǹfààní yìí kúrò. Wọ́n ní nítorí ààbò ni. Ẹni tó bá sì kọ̀ ọ́ kò ní lè bá ẹlòmíì díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ṣé yíyàn nìyẹn, lórí ohun téèyàn ti sanwó rẹ̀ tán? Àwọn oníbàárà gba ilé-ẹjọ́ lọ ní Amẹ́ríkà; ó di ọdún 2016 kí Sony tó gbà láti sanwó parí ẹjọ́. Linux kò padà.