Ta Ni Káńsẹ́lọ̀ Rẹ?

Ní ìpàdé àwọn onílé àdúgbò wa n'Ìbàdàn, lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Akápò wa ń ka ìṣirò: owó ọlọ́dẹ, owó gílóòbù ẹnu géètì, owó àwọn tó kó ẹrẹ̀ nínú gọ́tà. Bàbá kan nawọ́ sókè. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ti gọ́tà yẹn kà. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún lẹ pè é. Èmi ni mo bá wọn ná an, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la sì jọ gbà." Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Akápò bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tú báàgì, ó fa rìsíìtì kan yọ tí epo ti ta sí lára. Ó ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún tó kù ni owó ọmọlanke tó kó ẹrẹ̀ náà lọ. Rìsíìtì yẹn yí gbogbo wa ká, láti ọwọ́ dé ọwọ́, kó tó padà sọ́dọ̀ ìyá. Kò bínú, àwa náà ò bínú. Bá a ti ń ṣe é nìyẹn.

Ìgbà tó kù díẹ̀ ká túká ni mo ní kí n bi wọ́n ní nǹkan kan, bí ẹni ń ṣàwàdà: "Ta tiẹ̀ ni káńsẹ́lọ̀ wa?" A lé ní ogún níjòókòó. Ẹnì kan dárúkọ ọkùnrin kan, ẹlòmíràn ní rárá, ìyẹn ti kúrò nípò tipẹ́. Èmi tí mò ń béèrè gan-an, n ò mọ̀ ọ́n.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Àwa la mọ bí a ti ń gba ìṣirò. Alájọ tó bá jẹ owó ọjọ́ kan, kó tó di ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjà ti gbọ́. Nínú ẹgbẹ́ aláṣọ-àǹkò, a máa ń ka ike omi tó ṣẹ́ kù. (Ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.) Àmọ́ tó bá ti kan káńsù, ẹnu wa a wọmi. "Owó ìjọba ni."

Owó ìjọba wo? Nígbà tí wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin l'Abẹ́òkúta láyé òyìnbó, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń tú u nídìí ìró, wọ́n sì mọ iye ọjọ́ tí wọ́n fi pa á. Ìdí nìyẹn tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin ọjà fi lọ jókòó síwájú ààfin, tí wọ́n kọrin, tí wọn ò lọ. Lóṣù kìíní ọdún 1949, Aláké, ọba wọn, fi ìtẹ́ sílẹ̀. Ó padà wá, lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí i pé ìyá ẹlẹ́pà lè bi ọba léèrè owó.

Tiwa kì í dunni bẹ́ẹ̀, torí a kì í rí i nígbà tó ń lọ. O ra dátà, o ra símẹ́ǹtì, o ra páànù: owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT, náírà méje ààbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún, ti wà nínú rẹ̀. Wọ́n á kó o jọ lókè, wọ́n á pín in. Nínú gbogbo 100 náírà VAT tí wọ́n bá pín, 35 jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ti epo rọ̀bì tún wà níbẹ̀. Owó rẹ ló lọ sí Àbújá, tó padà wá sí káńsù tí kò jìnnà sílé rẹ, ìwọ lo wá ń pè é ní owó ìjọba.

Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe ò sì fara sin. Ìwé òfin ọdún 1999 kà á sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ọjà, gáréèjì, odò ẹran, itẹ́ òkú, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tí a bí àti ẹni tó kú, kíkó ilẹ̀, títì àdúgbò àti gọ́tà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, gọ́tà wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé gọ́tà fún ará Ìbàdàn. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn; pàǹtí tí a ti ń dà sínú rẹ̀ wà lára ohun tó dí i lọ́nà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún dé, ó wó afárá. Ní ìpàdé wa, onígbàgbọ́ ló máa ń fi àdúrà ṣí i, mùsùlùmí ló máa ń fi pa á dé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àdúrà méjèèjì ló bá omi wí. A ṣe àmín tó dún dé ìta. Mo ṣe tèmi, mo sì gbà á gbọ́. Nígbà tí mo jáde, mo dúró lórí gọ́tà náà, mo wo inú rẹ̀: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ike mínírà, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ kan, ẹrẹ̀ dúdú tí koríko ti ń hù lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwa tó ṣe àmín ló ju ọ̀rá yẹn síbẹ̀.

Èmi náà jẹ̀bi. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ ò rìn. Àwọn ọmọ fi òkúta ṣe gólù lójú títì, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù. Èmi fọ aṣọ. Mo sá wọn, wọ́n sì gbẹ dáadáa. Mo ní ẹgbẹ́ tó bá ń ṣe gómìnà náà ló máa ń kó gbogbo rẹ̀, kí ni mo fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Bóyá òótọ́ ni. Àmọ́ ti ààrẹ ní ọdún 2023 ńkọ́? Orúkọ tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló wà nínú ìwé. Àwọn tó jáde kò ju bíi mílíọ̀nù 25 lọ. Aṣọ tí a fọ̀ lọ́jọ́ yẹn náà ò kéré.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kí gómìnà yé dá a dúró. Ọ̀pọ̀ ló yọ̀. Èmi ò yọ̀ jù. Bí owó bá kúrò lọ́wọ́ gómìnà tó bọ́ sọ́wọ́ alága tí a ò mọ ojú rẹ̀, ibo ni èrè wa wà? Ohun kan péré ni mo rí: ó ti súnmọ́ ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Àwa mẹ́rin rìn dé ibẹ̀. Òfin kan wà láti ọdún 2011 tó ní ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè ohun tó wà nínú fáìlì ìjọba, láì sọ ìdí, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ méje. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ń jiyàn pé òfin náà ò kan àwọn, títí di oṣù kẹrin ọdún 2025, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ó kan gbogbo wọn. Ìwé wa ò ju ojú ewé kan lọ: èló ló wà fún gọ́tà wọ́ọ̀dù wa lọ́dún yìí, ta ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún? A tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, a ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ọ̀kan ká mú un lọ. Akọ̀wé tó gbà á wò wá látòkè délẹ̀. "Ta ló rán yín? Ẹgbẹ́ wo lẹ wà?" A ní ẹgbẹ́ onílé. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ méje pé, a ò gbúròó. Ní ọjọ́ kọkànlá, ọkùnrin kan pè mí lórí fóònù, ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi iye owó ṣe? Ṣebí gọ́tà lẹ fẹ́." Káńsẹ́lọ̀ wa ni. Bí mo ṣe mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin mẹ́fà wá pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n kó ìdajì, wọ́n lọ. Wọn ò tíì sọ iye owó fún wa. Akápò ti kọ ìwé kejì. Òun ló ní ká fi déètì ìwé àkọ́kọ́ sí i, àti nọ́ńbà òǹtẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará ọjà, mi ò ní kẹ́ ẹ lọ wọ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ wá orúkọ káńsẹ́lọ̀ yín. Ẹ kọ ìwé olójú ewé kan, kẹ́ ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín. Ẹ má dá lọ, kẹ́ ẹ sì mú ẹni tó ń ṣe akápò yín dání. Ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀, wọ́n á ṣí ọ́fíìsì.