Ìtọ́jú Bàtà Ìmúròde Nígbà Ọyẹ́

Ọyẹ́ tún ti dé, eruku pupa sì ti ń bo bàtà gbogbo ẹni tí ń rìn lọ sí ilé Ọlọ́run ní Ìlerò wa yìí. Ọ̀pọ̀ baba ilé ni ó jẹ́ pé bàtà kan ṣoṣo ni ó ní fún ìsìn, fún ìgbéyàwó àti fún ìsìnkú. Bí awọ rẹ̀ bá là, owó ilé-ìwé ọmọ ni yóò fi ra òmíràn.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a fi pọ́líìṣì lé eruku lórí. Yanrìn wà nínú eruku Òkè-Ògùn. Bí a ti ń fi àkísà ra á mọ́ bàtà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń họ awọ. Ẹ tú okùn bàtà ná, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku kúrò, pàápàá níbi tí awọ ti pàdé àtẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àkísà tí a fi omi díẹ̀ rin nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ.

Pọ́líìṣì Kiwi tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ìlú Melbourne ní Ọsirélíà ni William Ramsay ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní ọdún 1906. Ẹyẹ ilẹ̀ New Zealand tí í ṣe ilẹ̀ aya rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìda ni ó pọ̀ nínú irú pọ́líìṣì bẹ́ẹ̀. Ìda a máa mú bàtà dán, ṣùgbọ́n kì í mú awọ tí ó ti gbẹ rọ̀. Òrí ni ó ń ṣe èyí, igi rẹ̀ sì pọ̀ ní ọ̀dàn wa. Ẹ mú èyí tí kò ju èékánná lọ, ẹ yọ́ ọ ní àtẹ́lẹwọ́, ẹ fi pa bàtà ní alẹ́, kí ẹ sì nu ìyókù kúrò ní òwúrọ̀ kí ẹ tó fi pọ́líìṣì. Bí ó bá pọ̀ jù, eruku mìíràn ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara sin, nítorí a máa mú awọ tí kò dúdú ṣú sí i.

Bàtà awọ onírun kò fẹ́ òrí, kò fẹ́ pọ́líìṣì. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ti tó o. Èyí tí ń dán bí dígí, àkísà tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Bàtà aṣọ òkè ti àwọn ìyàwó, irú èyí tí a ń fi aṣọ Ìsẹ́yìn ṣe, ni ẹlẹgẹ́ jù. Ẹ má ṣe rì í sínú omi láé, kí aró má baà ṣàn wọ ara òwú funfun. Ìfófòó ọṣẹ díẹ̀ lórí àkísà funfun ni kí ẹ fi tẹ ibi tí ó dọ̀tí, kí ẹ má ṣe fi ra á.

Bí òjò bá sì pa bàtà aláwọ, ẹ má ṣe gbé e sí ẹ̀bá iná tàbí sínú oòrùn: awọ yóò le, yóò sì là. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí ẹ rún sínú rẹ̀ (àní tiwa yìí pẹ̀lú, bí gbogbo ilé bá ti kà á tán), kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ó ti ń tutù, kí bàtà sì wà ní ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí títí yóò fi gbẹ.