Ẹlẹ́rìndòdò Ọwọ́ Ara Wa

Àwọn àgbà ní a kì í wà létí odò kí a máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òwe yìí ti bá wa wí tó, kí ó yà sí òde ìnáwó kan ní Ìṣẹ̀rí Olówóra ní ọjọ́ Sátidé, kí ó sì wo ohun tí a ń gbé fún àlejò. Ìlú yìí wà ní àgbègbè Kòṣọ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Kò jìnnà sí ọjà èso Ìkòsì ní Kétu, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí ọjà ńlá Máìlì 12. Ọkọ̀ akẹ́rù a máa já ọsàn níbẹ̀ lóru, a máa já ọ̀pẹ̀yìnbó, a máa já máńgòrò ní ìgbà tirẹ̀. Èyí tí a kò bá sì tà kí oòrùn tó mú un, ààtàn ni ó ń lọ. Síbẹ̀, nígbà tí a bá tẹ́ tábìlì ìkómọjáde tàbí ti ìsìnkú àgbà, ìgò àti agolo olórúkọ àjèjì ni yóò kún orí rẹ̀. Èso ń jẹrà ní ẹ̀yìnkùlé wa, àwa sì ń yá owó ra omi dídùn.

N kò kọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni, nítorí pé èmi pàápàá a máa mu ohun tí a bá gbé fún mi. Ohun tí mo fẹ́ fi lọ ẹ̀yin ọlọ́lá àti ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ó yẹ, ó sì ṣeé ṣe, kí ilé kọ̀ọ̀kan láàárín wa máa fi èso, àgbọn àti omi sódà ṣe ẹlẹ́rìndòdò ti ara rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé òun ni a ó kọ́kọ́ gbé fún àlejò kí ìgò ọjà tó dé.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ọgbọ́n omi tí ń hó yìí ju ti ilé ìdáná lọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1767, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ó tún jẹ́ olùkọ́ni, Joseph Priestley, dé ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣe àbójútó ìjọ kan. Ibi tí ó ń gbé sún mọ́ ilé tí a ti ń pọn ọtí bíà. Ó ṣàkíyèsí pé afẹ́fẹ́ kan a máa rábàbà lórí àgbá nígbà tí ọtí bá ń hó. Ó gbé omi wá sí ibi afẹ́fẹ́ náà, ó ń dà á láti inú ife kan sí òmíràn, títí afẹ́fẹ́ náà fi wọ inú omi, tí omi sì di èyí tí ń ta ahọ́n. Ní ọdún 1772 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde, ó sì fi ọ̀nà náà han gbogbo ayé. Jacob Schweppe ni ó sọ ọ́ di òwò ní ìlú Geneva ní ọdún 1783, tí ó sì gbé òwò náà lọ sí London ní ọdún 1792. Kí a fi èyí sọ́kàn: olùkọ́ni kan tí ó ń wo ohun tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ohun tí a wá ń rò pé ẹ̀rọ ńlá nìkan ni ó lè ṣe é.

Ohun kejì tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ní ọdún 1940, àwọn tí ń ṣe Coca-Cola ní ilẹ̀ Jámánì kò rí èròjà gbà láti Amẹ́ríkà mọ́. Wọn kò ká ọwọ́ gbera kí wọ́n máa sunkún. Wọ́n kó omi tí ń ṣẹ́ kù nígbà tí a bá ti yọ wàrà dídì kúrò. Wọ́n kó pàǹtí èso ápù tí a ti fún omi rẹ̀ tán. Wọ́n fi wọ́n ṣe ohun mímu, wọ́n sì sọ ọ́ ní Fanta. Ọdún 1955 ni Fanta ọlọ́sàn tó jáde ní Naples ní ilẹ̀ Ítálì. Nítorí náà, orúkọ tí a fi ń ṣe fáàrí lónìí, àjẹkù èso àti àṣẹ́kù wàrà ni a kọ́kọ́ fi pè. Bí ará Jámánì bá lè mú pàǹtí kí ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń rà, kí ni ó ń dí àwa lọ́wọ́, àwa tí odindi èso pọ̀ fún?

Kì í ṣe pé ọwọ́ wa kò mọ iṣẹ́ náà. Ohun mímu pupa tí a ń pè ní Chapman, tí a ń mu ní gbogbo òde àríyá, Èkó ni a ti bí i. Ìtàn tí a ń sọ ni pé Sam Alamutu ni ó pò ó pọ̀ ní Ikoyi Club fún oníbàárà kan tí ń jẹ́ Chapman. Ọgbọ́n náà jẹ́ ti ọmọ wa, ṣùgbọ́n orúkọ àlejò ni ó ń jẹ́, inú ìgò àjèjì ni a sì ti ń bu èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ pẹ̀lú gbìyànjú nígbà tí ó dá ilé iṣẹ́ Lafia sílẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń ti omi èso mọ́ inú agolo. Ìjọba àpapọ̀ dá ilé ìwádìí sílẹ̀ fún èso àti ẹ̀fọ́ ní Ìbàdàn kan náà ní ọdún 1975. Èyí tí ó wà ní Òṣòdì fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ ti wà láti ọdún 1956. Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Àṣà lílo ìmọ̀ náà nínú ilé ni kò sí.

Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ń rí èyí lójoojúmọ́. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa yóò kọ orúkọ gáàsì tí ń hó nínú omi sódà sára pátákó láìṣì í kọ; ṣùgbọ́n bí a bá gbé ọsàn wẹ́wẹ́ àti sódà tí àwọn aláàkàrà òyìnbó ń lò ka iwájú rẹ̀, kò ní mọ̀ pé gáàsì yẹn gan-an ni ó wà níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí kò dé ibi ààrò kò tí ì parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é, kí ọ̀rọ̀ mi má baà di ti ẹnu lásán. Kí a mú ọ̀pẹ̀yìnbó kan tí ó pọ́n dáradára, kí a bó o, kí a gé e wẹ́wẹ́, kí a fi ife omi kan, ààbọ̀ ife ṣúgà àti atalẹ̀ díẹ̀ tí a ti gún sí i, kí a sì sè é lórí iná tí kò le jù fún bí ìṣẹ́jú 15. Kí a fi asẹ́ sẹ́ ẹ, kí a jẹ́ kí ó tutù pátápátá. Kí a rin àgbọn kan, kí a da ife omi gbígbóná kan lé e, kí a fún un, kí a sì gbé omi funfun náà sínú ẹ̀rọ amóhuntutù. Ọ̀rá rẹ̀ yóò léfòó, èyí ni ìpara dídùn tí a ń wá. Nígbà tí àlejò bá dé, kí a da omi ọ̀pẹ̀yìnbó náà dé ìdámẹ́rin ife, kí a fi omi sódà tútù kún un díẹ̀díẹ̀, kí a wá fi ṣíbí ìjẹun kan tàbí méjì nínú ìpara àgbọn lé e lórí, kí a rọra rò ó. Ọ̀pẹ̀yìnbó kan yóò tó bí ife 10.

Bí omi sódà kò bá sí nítòsí, kí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì sínú ife omi èso náà, kí a wá fi ìdámẹ́rin ṣíbí tíì kan nínú sódà aláàkàrà òyìnbó sí i: yóò hó lójú ẹsẹ̀, kí a sì mu ún kí ó tó rọlẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú kí ó yàgò fún ọ̀nà kejì yìí, nítorí iyọ̀ tí ń bẹ nínú sódà náà.

Ìdí wà tí mo fi yan àgbọn ṣáájú mílíìkì. Kíkan tí ń bẹ nínú èso a máa mú kí wàrà màlúù dì kóró-kóró nínú ife. Bákan náà, agbára kan wà nínú ọ̀pẹ̀yìnbó tútù tí í máa tú wàrà ká tí í sì sọ ọ́ di kíkorò. Iná ni ó ń pa agbára náà, ìdí nìyẹn tí a fi ń sè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo mílíìkì, kí ó lo èso tí kò kan, bí ìbẹ́pẹ tàbí máńgòrò tí ó pọ́n, kí ohun gbogbo tutù, kí mílíìkì sì jẹ́ ohun tí yóò wọlé kẹ́yìn. Ìṣápá pupa, tí àwọn Haúsá fi ń ṣe sóbò, dára pẹ̀lú atalẹ̀ àti omi sódà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ wàrà rárá.

Èyí tí ó sì yà mí lẹ́nu jù lọ nínú gbogbo èso wa ni àgbayun. Láti ayébáyé ni àwọn baba wa ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá lá àgbayun, ohun kíkan yóò dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin. Ní ọdún 1852, W. F. Daniell kọ̀wé nípa èso yìí fún àwọn apòògùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ní ọdún 1968, Kurihara àti Beidler yọ èròjà inú rẹ̀ tí ń ṣe iṣẹ́ náà. Iná a máa ba èròjà yìí jẹ́, nítorí náà a kò gbọdọ̀ sè é. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá kọ́kọ́ lá ẹyọ àgbayun kan, tí a sì wá gbé omi sódà tí a fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí fún un láìfi ṣúgà kankan sí i, yóò mu ún bí ẹni mu oyin. Ẹlẹ́rìndòdò wo ni ó wà nínú ìgò tí ó lè ṣe èyí?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí nípa ìlera. N kò ní purọ́ pé ohun mímu yìí jẹ́ oògùn. Ṣúgà kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ nítorí pé ilé ni a ti pò ó. Ìmọ̀ràn tí àjọ ìlera àgbáyé fi síta ní ọdún 2015 ni pé yóò dára bí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ àti èyí tí ó wà nínú omi èso kò bá ju nǹkan bí gíráàmù 25 lọ lójúmọ́, èyíinì ni ṣíbí tíì 6. Ìgò 50 sẹ́ǹtílítà tí ó bá ní gíráàmù 10 nínú mílílítà 100 kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ìlọ́po méjì èyí. Òfin ìnáwó ọdún 2021 ní ilẹ̀ wa tilẹ̀ fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu dídùn, nítorí bí àtọ̀gbẹ ti ń pọ̀ sí i. Nínú èyí tí mo júwe, ṣúgà tí a bù sí i kò ju nǹkan bí gíráàmù 10 lọ fún ife kan. Ti èso náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ànfààní rẹ̀ ni pé ìyá ilé ni ó di ṣíbí mú, ó sì lè dín in kù nígbà tí ó bá fẹ́.

Àwọn mìíràn yóò wí pé ilé iṣẹ́ ìgò ń fún àwọn ọmọ wa ní oúnjẹ òòjọ́. Òtítọ́ ni: Nigerian Bottling Company ti wà láti ọdún 1951, ó sì ń rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó láti ọdún 1953. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn wọn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí ó gbin ọsàn àti obìnrin tí ń pàtẹ rẹ̀ ní Kétu, ọmọ wa ha kọ́ ni àwọn náà bí?

Àtakò tí ó le jù ni èyí tí a kì í sọ síta. Ẹ̀rù ń bà wá pé àlejò yóò wí pé, “Owó ti tán lọ́wọ́ lágbájá.” Ìtìjú yìí ni ó ń ra kéréètì lórí kéréètì fún wa, tí gbèsè sì ń gbé inú ilé lẹ́yìn tí àlejò ti lọ. Ní ayé àwọn baba wa, nígbà tí a bá gbé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fún àlejò, ọwọ́ ìyàwó tí ó pọn ọ́n ni a máa ń yìn, ilé náà a sì gba orúkọ níbẹ̀. Ta ni ó ti yin ọwọ́ ẹnikẹ́ni rí nítorí pé ó ṣí ìdérí ìgò?

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin ìjòyè ni pé kí ẹ ṣáájú, nítorí pé ibi tí àgbà bá tẹ̀ ni ọmọdé ń tẹ̀. Bí a bá rí ife ọ̀pẹ̀yìnbó alágbọn lọ́wọ́ olóyè, kò sí ẹni tí yóò pe é ní ohun mímu tálákà mọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é ní iyàrá ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì mọ orúkọ gáàsì náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí i bí ó ti ń hó. Ẹ̀yin ìyá ilé, omi tí a ti sè ni kí ẹ lò, àti yìnyín tí a fi omi mímọ́ ṣe. Kí a mu ohun tí a pò ní ọjọ́ tí a pò ó. Kí ẹ má sì dé e pa sínú ìgò fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí bí ó bá wú, ìgò yóò bẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ́ di òwò, kí ó tọ NAFDAC lọ kí ó gba nọ́ńbà.

Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi. Mo rọ ẹni tí ìnáwó bá kọ́kọ́ kàn nínú wa kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pẹ̀yìnbó mẹ́wàá àti àgbọn mẹ́wàá láti ọjà Kétu, kí ó gbé e fún ọgọ́rùn-ún àlejò àkọ́kọ́, kí ó sì gbọ́ ohun tí wọn yóò wí.